Àwọn Tí Kò Fẹ́ Kí Ọmọ Wọn Wọ Kòtò

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò sí àlejò lónìí, èmi nìkan ni mo jókòó ti ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó fẹ́ dá orin. Ó dáa, ẹ gbọ́. Maerdy ni wọ́n ti tọ́ mi, ní gúúsù Wales, lókè pátápátá níbi tí àfonífojì Rhondda Fach ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bàbá mi wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Treforest, nílé ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ìwakùsà ni nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1913. Ìyá mi ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ilé tí agbára wọn ká ni wọ́n gbà, ó sì bọ́ sáàárín àwọn awakùsà, àwọn tó ń wọ kòtò lábẹ́ ilẹ̀ lọ wa èédú.

Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, odò láàárín, àwọn ilé sì tò gbọọrọ lẹ́sẹ̀ òkè, ògiri ẹnìkan ni ògiri ẹnìkejì. Dúdú ni odò náà nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni omi tí wọ́n fi ń fọ èédú ń ṣàn sí. Ìgbà tí a lọ kí ẹbí bàbá mi nílé ni mo kọ́kọ́ rí odò tí èèyàn lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà lójúlé kejì sí wa tí gbogbo ọmọdé àdúgbò ń pè ní Bopa. Wọn ò bí wa, ṣùgbọ́n ta ní jẹ́ bi wọ́n léèrè? Bí ìyá mi bá ní iṣẹ́ alẹ́, ọ̀dọ̀ Bopa ni mo ń sùn. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ọkọ wọn ti fi iṣẹ́ kòtò sílẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Àpá aláwọ̀ aró wà lójú wọn, ọ̀kan níwájú orí, méjì lẹ́bàá imú. Nílé tiwa, fọ́tò bàbá bàbá mi wà lára ògiri, pẹ̀lú pélé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, nítorí náà kò rú mi lójú rárá. Mo bi ọkọ Bopa pé ìlú wo ni wọ́n ti kọ ilà fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Àṣé òkúta ló já lù wọ́n nínú kòtò, ẹ̀kúnná èédú wọnú ọgbẹ́, awọ bò ó mọ́lẹ̀, ó di títí ayé. Kò sí ilé tí kò ní ọkùnrin kan tó ní in.

Ikọ́ yẹn ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí gan-an. Èédú tó wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde. Mo máa ń gbọ́ ọ láti inú yàrá kejì lóru, mo sì máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Bopa tí wọ́n ń lọ gbé omi. Lónìí, àwọn tó ń sọ ìtàn àwọn àfonífojì yẹn máa ń pọ́n iṣẹ́ kòtò lé: ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin, ìṣọ̀kan, ìgboyà. Irọ́ kọ́. Àmọ́ n kò gbọ́ ọ rí kí awakùsà kan gbàdúrà pé kí ọmọ òun wọ kòtò. Bí àgbẹ̀ kòkó Oǹdó ṣe ń fi owó kòkó rán ọmọ nílé ìwé kí ọmọ má baà di àdá mú, bẹ́ẹ̀ náà làwọn yẹn ń ṣe. Pẹ́ńnì tí wọ́n yọ nínú owó iṣẹ́ ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri àfonífojì, wọ́n sì kó ìwé sínú rẹ̀. Ní Tredegar, irú pẹ́ńnì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó dókítà. Ìlú yẹn ni wọ́n bí Aneurin Bevan sí ní 1897, tó wọ kòtò lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tó wá di mínísítà tó dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Bìrìtìkó sílẹ̀ ní oṣù Keje 1948. Inú ètò yẹn ni owó oṣù ìyá mi ti ń wá.

Kí n tó gbàgbé: gbogbo àgbàlagbà ibẹ̀ ló ń bi bàbá mi bóyá wọ́n lè kọrin bíi Paul Robeson, olórin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà gba ìwé ìrìnnà Robeson, kò lè jáde nílùú, ló bá kọrin fún àwọn awakùsà Wales láti New York lórí tẹlifóònù ní 1957, tí wọ́n péjọ sí Porthcawl tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọn ò gbàgbé rẹ̀. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dá wọn sí, ohùn wọn kò ṣe é gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá.

Bí òjò bá rọ̀ púpọ̀, ìyá mi kì í sùn. Wọ́n á dúró sẹ́nu fèrèsé, wọ́n á máa wo òkìtì ìdọ̀tí èédú tó wà lókè. Aberfan, abúlé awakùsà bíi tiwa, kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 1966, òkìtì keje tí wọ́n dà lé orí ìsun omi ya lulẹ̀, ó bo ilé ìwé Pantglas mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Èèyàn 144 kú, 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ìgbìmọ̀ ìwádìí di ẹ̀bi ru àjọ èédú ìjọba. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ kó ìyókù òkìtì kúrò, wọ́n mú £150,000 nínú owó tí aráyé dá fún àwọn tó ṣòfò. 1997 ni wọ́n tó dá a padà, láìsí èlé. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, inú mi ò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà, nítorí kòtò tí ìjọba fẹ́ tì pa, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 1984. Odindi ọdún kan. Ní Maerdy, kò sí awakùsà kan ṣoṣo tó yọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Èédú tí wọ́n máa ń já sẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé awakùsà dáwọ́ dúró, àwọn èèyàn ń gbé àpò lọ ṣa èédú lórí òkìtì. Àkókò yẹn ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í “ṣe àṣìṣe” lọ́jà. Wọ́n á gbé àpò ọ̀dùnkún wálé, wọ́n á kígbe lórí ògiri pé, “Bopa, ẹ wò ó, onítọ̀hún tún tà á jù fún mi, yóò bà jẹ́ o!” Bopa á ní ó mà ṣe o, wọ́n á gba ìdajì. Àwọn méjèèjì mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde.

Ní oṣù Kẹta 1985 wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, tàwọn ti ẹgbẹ́ afunfèrè níwájú, bí ẹni pé wọ́n borí. Ní oṣù Kejìlá 1990, wọ́n ti kòtò Maerdy pa, òun ló kẹ́yìn ní gbogbo Rhondda. Wọ́n ti sin ọkọ Bopa nígbà náà. Kòtò tó pa ọkọ wọn ni Bopa sì ń sunkún fún, ẹkún tó tó ẹkún. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo rò pé ó yẹ kí wọ́n jó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tọmọ wọn. Ó jù mí lọ dáadáa, orúkọ ni mo sì ń pè é, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, ẹ má bínú. Bàbá rẹ̀ mú un búra pé kò ní wọ kòtò. Kò ríṣẹ́ mìíràn, ó wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ti Maerdy, ó rékọjá sí kòtò Tower ní Hirwaun, lódì kejì òkè. Wọ́n ti ìyẹn náà ní 1994. Ni awakùsà 239 bá dá £8,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú owó ìdádúró wọn, wọ́n ra kòtò náà, wọ́n ṣí i ní oṣù Kìíní 1995, wọ́n sì wà á títí di 2008 tí èédú ibẹ̀ tán. Ọmọ Bopa wà lára wọn.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí kòtò ṣì jẹ́ tiwọn, bóyá yóò mú ọmọkùnrin rẹ̀ wọ ibẹ̀, kó lè jogún ohun tí bàbá rẹ̀ fowó rà. Ó ní bí ọmọ yẹn bá sún mọ́ ẹnu kòtò, òun máa ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Ó tó báyẹn fún tòní. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nírú ibẹ̀, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀.