Bí a ṣe ń ṣe òkùnkùn inú àwòrán Goya: aquatint lórí páànù bàbà

Ẹ wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó wọ kóòtù yìí, ó di ọwọ́ aláìsàn mú bí dókítà. Goya, ayàwòrán ará Sípéènì, kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: àìsàn wo ni yóò pa á? Àwòrán nọ́ńbà 40 nìyẹn nínú 80 tó wà nínú Los Caprichos, àkójọ àwòrán títẹ̀ rẹ̀, tó gbé jáde ní Madrid lọ́dún 1799. Abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló ṣe òkùnkùn ẹ̀yìn wọn, aquatint ni: a fi ìyẹ̀fun bo bàbà, kí oògùn tó ń jẹ bàbà lè dá ihò wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀ tí yóò gba yíǹkì. Àwòrán nọ́ńbà 32 tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò ní ìlà abẹ́rẹ́ rárá.

Ìlà ti wà lára páànù tiwa. Ẹ fi ẹfun lílọ̀ àti omi fọ̀ ọ́. Bí omi bá ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀, ọ̀rá ṣì kù. Ẹ tún un fọ̀.

Ẹ wọ ìbòmú, ẹ pa fáànù. Ẹ di ìyẹ̀fun rọ́síìnì (oje igi tó ti gbẹ) sínú aṣọ yẹ́lẹ́, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ títí yóò fi bo bí ìdajì bàbà. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa: ó yẹ kí ẹ máa rí pupa bàbà láàárín ìyẹ̀fun. Tó bá ki jù, oògùn kò ní ríbi wọlé. Tó bá fọ́nká jù, oògùn á jẹ gbogbo ojú rẹ̀ tẹ́jú, yíǹkì kò ní ríbi dì mọ́, dúdú yín á di eérú.

Kí eruku wálẹ̀ tán kí ẹ tó tan iná o, torí rọ́síìnì inú afẹ́fẹ́ lè bú gbàmù. Ẹ mú iná lọ mú bọ̀ lábẹ́ páànù. Gbàrà tí funfun náà bá ń dán, ẹ mú iná kúrò. Tó bá yọ́ pọ̀, ẹ nù ún kúrò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹfun.

Ó kan fáníìṣì. Ẹ kùn ún sẹ́yìn páànù, sí etí rẹ̀, àti sí aṣọ ibùsùn aláìsàn tí a fẹ́ kó funfun. Ẹ gbé páànù lóòró sínú ferric chloride, oògùn tó ń jẹ bàbà, kí ìdọ̀tí má sọ̀ lé e lójú: ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹ fi omi ṣàn án, kó gbẹ, ẹ fi fáníìṣì bo ibi tó yẹ kó ṣì fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ bo òmíràn. Òkùnkùn ẹ̀yìn nìkan ló ń lọ sí ìṣẹ́jú 8. Oògùn tó ti gbó tàbí tó tutù máa ń lọ́ra, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù bàbà.

Ẹ fi sípírítì nu fáníìṣì àti rọ́síìnì, ẹ fi yíǹkì rà á, kí ẹ fi aṣọ yẹ́lẹ́ nù ún láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Aquatint máa ń tètè jẹ kúrò bí a bá ń fi páànù tẹ àwòrán léraléra. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀dà Caprichos tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ikú Goya fi ṣá ju ti 1799 lọ.