Nígbà Tí Jẹjẹrẹ Ilé Ọmọ Bá Dé Ẹsẹ̀ àti Ọpọlọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọkọ àti ọmọ tó ń tọ́jú aláìsàn nílé, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí jẹjẹrẹ ilé ọmọ àti ti ilé ẹyin ń fi ojú iṣan àti ọpọlọ rí nígbà tó bá ti tàn kálẹ̀. Orí ẹsẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn ìyá fúnra wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ń bá fínra á ní, "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà yẹn ò yọ mí lẹ́nu tó ẹsẹ̀ yìí." Ìrora náà á mú un ní bàdí, á gba ẹ̀yìn itan, á sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Á máa ta á bí ata. Bí aṣọ lásán bá kan ẹsẹ̀ ọ̀hún, á ké. Lóru, kò ní rí i nà. Nílé, wọ́n á ti ní ó tẹ nǹkan ni. Wọ́n á ti fi òróró àdúrà pa á, wọ́n á ti gbé e gun orí òkè, oṣù mẹ́ta á sì ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ohun méjì ni Yorùbá ń pè ní iṣan: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, àti èyí tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí gbogbo ara. Èkejì ni mò ń sọ. Àwọn iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ máa ń jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n á kọ́kọ́ lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn lẹ́bàá egungun ìbàdí, kí kálukú tó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ilé ọmọ kò jìnnà síbẹ̀. Tí jẹjẹrẹ bá kúrò ní ẹnu ilé ọmọ tó ń fẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn iṣan yìí ló máa fún mọ́ egungun. Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kò sì ní àrùn. Ọ̀nà tó ń gbà bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ ni jẹjẹrẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìpara kankan ò lè dé ibẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kan bá ń dun ìyá báyìí, tí ẹsẹ̀ yẹn kan náà wú, tí àwòrán sì fi hàn pé kíndìnrín ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ti wú, àwa dókítà ti mọ ibi tí àrùn dé.

Ìṣirò ọdún 2020 ní obìnrin tó lé ní 12,000 ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ mú ní Nàìjíríà lọ́dún náà, nǹkan bí 8,000 ló sì pa. Ọ̀pọ̀ wọn ló pẹ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù. Síbẹ̀, ẹni tó pẹ́ dé kò yẹ kó máa jẹ̀rora. Ìtọ́jú onítànṣán lè mú kí jẹjẹrẹ náà sún kì. Mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, wà, ẹnu ni wọ́n fi ń mu ún. Oògùn bí amitriptyline náà sì wà fún ìrora iṣan ní pàtó. Ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò wà lára àwọn tó la ọ̀nà kí ìtọ́jú ìrora lè dé ọ̀dọ̀ irú àwọn aláìsàn yìí, kódà nínú ilé wọn. Ẹ béèrè fún un. Ẹ má tijú.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ẹ̀yìn bá ń dun aláìsàn, tí ẹsẹ̀ méjèèjì wá ń rọ, tí kò rí ìtọ̀ tọ̀, tí kò mọ ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan ìdí òun, jẹjẹrẹ lè ti máa tẹ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò wọ́pọ̀ nínú jẹjẹrẹ ilé ọmọ, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, wákàtí là ń kà. Ẹni tó ṣì ń rìn nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rìn lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú fún ọjọ́ mélòó kan, agbára káká ni.

Ọpọlọ wá ńkọ́? Ìyá ń sùn ṣáá, ó ń fi orúkọ Táíwò pe Kẹ́hìndé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òsúkè ò dá. Wọ́n á ní àwọn tó ti lọ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kíndìnrín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ilé ọmọ gan-an ni ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín kọjá. Tí jẹjẹrẹ bá fún un pa, ìdọ̀tí á há sínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa da ọpọlọ rú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi hàn. Nígbà míì, wọ́n lè ki rọ́bà gba ẹ̀yìn wọ kíndìnrín kí ìtọ̀ lè jáde, kí ojú ìyá sì tún là.

Jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń rìn dé inú ọpọlọ gan-an ju àwọn yòókù lọ, choriocarcinoma, èyí tó ń ti inú oyún wá, lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́ tàbí lẹ́yìn ìbímọ pàápàá. Bí obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn bá ṣàdédé ní orí fífọ́ líle tàbí gìrì, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò oyún fún un, torí àyẹ̀wò yẹn máa ń fi jẹjẹrẹ yìí hàn. Oògùn sábà máa ń wò ó sàn, kódà nígbà tó bá ti dé ọpọlọ. Èyí ló ń dùn mí jù tí wọ́n bá pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ẹlẹ́mìí èṣù.

Òmíràn tún wà tó ṣàjèjì. Obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ahọ́n rẹ̀ wúwo, àwọn èèyàn ń fura pé ó ń mutí. Àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ tó dìde sí jẹjẹrẹ ilé ẹyin ló ṣìnà, tí wọ́n ń ba apá ọpọlọ tó ń darí ìrìn jẹ́. Anti-Yo ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ aláìsàn kan ni wọ́n gé sọ ọ́. Àìsàn yìí lè yọjú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà.

Oògùn tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà náà ní tirẹ̀. Cisplatin àti paclitaxel ń gba ẹ̀mí là, àmọ́ wọ́n lè pa iṣan ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ lára, cisplatin sì lè mú etí. Ti cisplatin tún lè máa le sí i fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a dúró. Nítorí náà, tí ẹ ò bá rí bọ́tìnnì dè mọ́, tàbí tí sálúbàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ yín tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó gbé omi oògùn míì kọ́.