Pístìn Ńlá, Àyè Kékeré: Ohun Tó Ń Jẹ Ẹ́ńjìnì Ọ̀kadà

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ jókòó síwájú. Pístìn tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ máa tàtaré rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Ihò yẹn, kò sẹ́ni tó lu ú, iná ló jẹ ẹ́, irin yọ́ bí òrí ṣe ń yọ́ lóòrùn, ẹ sì tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí ríìngì àkọ́kọ́ jókòó sí, ó rí wúruwùru bíi pé eku jẹ ẹ́.

Ara ọ̀kadà CG125 ni mo ti yọ ọ́. Ẹni tó ni ín ń fẹ́ agbára, wọ́n wá bá a fẹ ẹnu ilé ẹ́ńjìnì, wọ́n ki sílíńdà àti pístìn 62 mm ti 150 bọ̀ ọ́, tọ́ọ̀pù sílíńdà àtijọ́, ìyẹn ìdérí tó bo sílíńdà lókè, ni wọ́n dá padà lé e lórí. Ó sáré lóòótọ́ o. Kò pé oṣù méjì tó fi dọ́dọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Pístìn CG125 fẹ̀ tó 56.5 mm, ìrìn rẹ̀ látòkè délẹ̀ jẹ́ 49.5 mm, òun ló fún wa ní 124 cc. Ká fi kọmpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn ìlọ́po tí pístìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, sí 9, á jẹ́ pé àyè tó ṣẹ́kù lókè nígbà tí pístìn bá gòkè tán jẹ́ 15.5 cc. Ẹ wá gbé 62 mm síbẹ̀, ìrìn ò yí padà, ó ti di 149 cc. Ẹ fi 15.5 kún un, kẹ́ ẹ fi 15.5 náà pín in, 10.6 lẹ máa bá níbẹ̀! Wọn ò gé tọ́ọ̀pù, wọn ò lo pístìn olórí gọngọ, fífẹ̀ tí pístìn fẹ̀ nìkan ló gbé e débẹ̀, nínú ẹ́ńjìnì tó jẹ́ pé atẹ́gùn nìkan ló ń tù ú, tó tún ń dúró nínú gosiló lọ́sàn-án gangan.

Tẹ́ ẹ bá ti di ìdí páǹpù ọwọ́ fọkanáísà mú rí, ẹ mọ̀ pé ó máa ń gbóná, torí afẹ́fẹ́ tá a bá fún pọ̀ á gbóná dandan. Púlọ́ọ̀gì ló yẹ kó dá iná, kí iná sì rìn látọ̀dọ̀ rẹ̀ dé etí sílíńdà. Tá a bá fún un jù, epo tó wà létí lọ́hùn-ún ò ní dúró de iná mọ́, á gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbàù, ìyẹn ló jẹ orí pístìn tẹ́ ẹ rí yẹn. Ẹ máa gbọ́ ọ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà sì máa ń rò pé fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ló ń dún. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí táwa mẹkáníìkì ń pè ní "ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì" o, bẹ́ríìnì nìyẹn. Láyé ọjọ́sí, òjé ni wọ́n ń pò mọ́ epo kó má bàa máa gbiná fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀, 1921 ni Thomas Midgley rí i ní ilé ìwádìí General Motors l'Ámẹ́ríkà, àmọ́ májèlé ni òjé, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, inú mi dùn pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú epo mọ́tò.

Nítorí náà ẹ wọn àyè yín kẹ́ ẹ tó so nǹkan kan pọ̀, mo bẹ̀ yín. Ẹ pa fáàfù méjèèjì dé, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ ra etí wọn, ẹ de púlọ́ọ̀gì, ẹ dojú tọ́ọ̀pù sókè, kẹ́ ẹ fi gíláàsì onírọ́bà tẹ́ ẹ ti lu ihò sí bò ó. Síríńjì kẹ́mísì lẹ máa fi fa kẹrosíìnì sínú ihò yẹn títí atẹ́gùn á fi tán lábẹ́ rẹ̀. Iye tó bá kúrò nínú síríńjì, òun àti àyè tí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín tọ́ọ̀pù àti sílíńdà ń gbà, lẹ máa fi ṣírò.

Lórí 62 mm yìí, kí kọmpírẹ́ṣọ̀n tó padà sí 9, ó ń fẹ́ àyè bíi 3.2 cc sí i. Bọ̀ọ̀dá kan níbí béèrè pé ṣé ká kàn fi gásíkẹ́ẹ̀tì kún un. Ó máa tó mìlímítà kan o, bẹ́ẹ̀ pushrod, ọ̀pá tó ń tì í látìsàlẹ̀, ló ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì yìí, tẹ́ ẹ bá gbé tọ́ọ̀pù sókè tó bẹ́ẹ̀ pushrod á kúrú, atẹ́gùn tó yẹ kí etí pístìn tì sọ́dọ̀ púlọ́ọ̀gì náà á dẹ̀. Èmi á kúkú wá pístìn tí orí rẹ̀ jinnú, tàbí kí n gbẹ́ àárín orí rẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, tó bá nípọn tó. Tó bá fẹ́lẹ́, ẹ má fi irin kàn án.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi fáàfù tó fẹ̀ sí i, ẹ gbẹ́ ojú ibi tí fáàfù máa wọ̀ sí orí pístìn, ìyẹn náà á fún yín láyè díẹ̀. Kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá wọn ò ní kanra, ẹ lẹ amọ̀ ìṣeré ọmọdé mọ́ orí pístìn, ẹ dè é pa, ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tú u, kẹ́ ẹ fi bíléèdì gé amọ̀ yẹn láàárín. Níbi tó tẹ́ jù lọ, èmi ò kì í gbà kó dín sí 2 mm lábẹ́ fáàfù èéfín.