Igi Wo La Ó Gé, Èwo La Ó Dá Sí? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Títún Ẹgbẹ́ Ràgbí Líìgì Tò

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá láti Iléṣà àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun lè ṣe sí ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni púpọ̀ nínú yín fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ràgbí líìgì ni mo mú wá, nítorí eré yìí kì í bo àṣìṣe mọ́ra. Èèyàn 13 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wà lórí pápá, ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀. Michael Maguire ni wọ́n ń pè é, ará Ọsirélíà. Lọ́dún 2014, ó kó ẹgbẹ́ South Sydney gba ife NRL, líìgì tó ga jù lọ lọ́hùn-ún. Lọ́dún 2019, ó bọ́ sí Wests Tigers. Nígbà tó di àárín ọdún 2022, wọ́n lé e, ẹgbẹ́ náà ló sì gbẹ́yìn lọ́dún yẹn. Lọ́dún 2025, Brisbane Broncos gbà á síṣẹ́, ọdún àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀ ló gba ife, 26 sí 22 ni wọ́n fi na Melbourne Storm ní àṣekágbá. Ọkùnrin kan náà ni, fèrè kan náà ló ń fọn. Oko tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ oko kì í ṣe àjèjì fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi gba oko kòkó kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́nà Ìpetu Ìjẹ̀ṣà. Igi ibẹ̀ ti darúgbó, òmíràn kì í so ju èso mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Àwọn aládùúgbò ní kó gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, kó gbin tuntun. Kò dá wọn lóhùn. Ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín, ó gbin ọmọ kòkó sábẹ́ ibòòji àwọn àgbà igi, bí àwọn ọmọ ṣe ń ga ló ń gé àwọn àgbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún kẹrin la tó rí èso gidi lára tuntun, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tí a kò rí nǹkan tà.

Ohun tí Maguire bá ní Brisbane nìyẹn. Lọ́dún 2020 ni Broncos gbẹ́yìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1988 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kevin Walters di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́dún 2021, ipò 14 ni wọ́n wà lọ́dún náà. Lọ́dún 2022, wọ́n mú Adam Reynolds wá, àgbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, láti máa wọ aṣọ nọ́ńbà 7, ti ẹni tó ń darí eré. Lọ́dún 2023, Reece Walsh padà wá wọ 1, ti ẹni tó ń dúró lẹ́yìn pátápátá, wọ́n sì dé àṣekágbá, ẹgbẹ́ Penrith fi 26 sí 24 ta wọ́n yọ. Wọ́n já wálẹ̀ sí ipò 12 lọ́dún 2024, Walters lọ, Maguire dé. Reynolds yìí sì ti wà lábẹ́ rẹ̀ rí, nígbà tí wọ́n jọ gba ife 2014. Mi ò sọ pé Maguire kò ṣiṣẹ́ o: ẹni tí kò mọ kòkó ká, orí igi ni yóò jẹrà sí. Ṣùgbọ́n Walters, tó gbin ohun tí Maguire ká, ni mo máa ń rántí, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo wa rántí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ni kó kọ́kọ́ wá? Eegun ẹ̀yìn ni: ẹni tó wọ 1, 6, 7 àti 9. Ọwọ́ wọn ni bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá. Ẹ wo ẹni tó wọ 9 dáadáa. Wọ́n ti gbé ẹnìkejì rẹ̀ ṣánlẹ̀, èèyàn mẹ́ta dùbúlẹ̀ lé e. Ó jà gbara dìde, ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn. Ẹni 9 ti lóṣòó lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Bó bá gbé e tó sì jù ú kíá, àwọn alátakò tó yẹ kó ti padà sẹ́yìn mítà 10 kò tíì tò tán. Bó bá kọ́kọ́ gbójú sókè wò, wọ́n ti tò bí ògiri.

Síbẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo kò tó. Tigers mú Api Koroisau wá lọ́dún 2023 láti wọ 9, Penrith tó ti gba ife lẹ́ẹ̀mejì léraléra ló ti wá. Wọ́n ṣì gbẹ́yìn. Benji Marshall, tó gba ife fún ẹgbẹ́ yìí kan náà lọ́dún 2005 nígbà tó jẹ́ eléré, di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́dún 2024. Wọ́n tún gbẹ́yìn, ọdún kẹta léraléra. Àwọn èèyàn bú u. Ó dùn mí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà ní dídè. NRL fi òdiwọ̀n sí owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún eléré, ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ìṣáájú bá sì fún ní àdéhùn ọdún mẹ́rin, owó rẹ̀ yóò ṣì máa jẹ lára ti tuntun, bó lò ó, bí kò lò ó. Kí sáà 2024 tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti bá Jarome Luai, eléré Penrith, ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n ọdún 2025 ló tó lè wá, torí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Penrith kò tíì parí. Ọdún tó dé ni Tigers kúrò nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọdún yẹn náà ni Lachlan Galvin, ọmọ ọdún 19 tí wọ́n fojú sí lára, fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ Canterbury láàárín sáà. Èmi gbà pé ibi tó dun oko jù nìyẹn. Igi àgbà tó wó, a lè fi dáná. Ọmọ kòkó tí ẹlòmíràn hú lọ, ọdún mélòó ni ẹ fẹ́ tún dúró?

Èmi náà ti gé àwọn igi àgbà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí. Nígbà tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan lé mi lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi lé àgbà méje. Àwọn kékeré kò rí ẹni wò, bí àwọn alátakò ṣe ń gbá gọ́ọ̀lù wọlé wọn ni wọ́n ń wojú ara wọn. Mo ṣì ń rí ojú wọn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan dìde, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa mọ igi tó yẹ kí a dá sí?” Mo sọ fún un pé bàbá mi máa ń fi ẹ̀yìn àdá kan ìdí igi, á sì tẹ́tí. Mo ní kó má wo ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló ń sáré nígbà yẹn. Kó dúró di ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, nígbà tí èsì ti burú, tí ẹnikẹ́ni kò pariwo mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kó wá ka iye àwọn tó ṣì ń padà sẹ́yìn mítà 10 láìsí ẹni tó ń pè wọ́n.