Kí Àmì Ohùn Má Baà Sọnù Lọ́nà: Ìpalẹ̀mọ́ Iṣẹ́ Ìwádìí fún Jọ́nà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń ṣe oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, mo kí yín o. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí a ṣe ń tún iṣẹ́ ìwádìí ṣe kó tó lọ sọ́dọ̀ olótùú jọ́nà. Púpọ̀ nínú wa ló gbà pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni: kí fọ́ǹtì jẹ́ méjìlá, kí àlàfo ìlà jẹ́ méjì, ó parí. Fún ẹni tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, tàbí tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ṣùgbọ́n tí dátà rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àmì tó wà lórí lẹ́tà àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wà lára ẹ̀rí yín. Bí àmì bá já bọ́, ẹ̀rí náà bọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí n ó fi lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò mi lórí àmì.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kékeré kan. "Ó lọ" ń sọ nípa ẹni kẹta. "O lọ" ń bá ẹni tó wà níwájú wa wí. Ká ní ẹ ti kọ ọ́ sábẹ́ àpẹẹrẹ yín pé arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ẹyọ ni, àmọ́ tí àmì òkè ti bọ́ kúrò kí fáìlì tó dé ọwọ́ olùyẹ̀wò, ìyẹn onímọ̀ tí jọ́nà ní kó ka iṣẹ́ náà kó sì ṣèdájọ́ rẹ̀. Kò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ ló fà á. Ohun tí yóò kọ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé kò mọ dátà rẹ̀, a ò sì lè bá a wí.

Kí ló ń fà á? Láti ìgbà ìpàdé tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ṣe ní Èkó ní 1875 títí dé akọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, àwọn àgbà ti jiyàn lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò. Ẹ̀rọ ni kò tètè bá wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wọlé, ohun tí ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì Yorùbá ń ṣe ni pé wọ́n á gba ipò àmì mìíràn tí a kì í lò, wọ́n á ya ẹ tàbí ṣ síbẹ̀. Ó ń rẹwà lórí kọ̀ǹpútà tó ní fọ́ǹtì náà. Bó bá dé orí òmíràn, wúruwùru ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yọ dátà láti inú irú fáìlì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, tàbí kó fara balẹ̀ pààrọ̀ àmì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Unicode, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ló wá fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn; á, è àti ó náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ tàbí ọ tó tún ru àmì ohùn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ni. Ibẹ̀ ni wàhálà tí ojú kò rí wà. Ẹnì kan lè tẹ lẹ́tà ẹ, kó wá fi àmì òkè lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ lẹ́tà é, kó wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ẹnì kẹta lè tẹ lẹ́tà e lásán, kó sì to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ kan jákèjádò iṣẹ́ yín, yóò fo àwọn kan. Èyí tó dùn mí jù ni pé òǹkàwé tó ń wá kókó ọ̀rọ̀ yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè má rí iṣẹ́ náà láéláé.

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan ṣoṣo ni kí ẹ fi tẹ iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ń kọ ọ́ pọ̀, ẹ fẹnu kò lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlà àkọ́kọ́. Ẹ lo fọ́ǹtì tó mọ bí a ti ń to àmì sórí ara wọn. Charis SIL, Doulos SIL àti Noto Serif jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ìlà tí Microsoft Word ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ rọ́pò àmì ìsàlẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ni kọ̀ǹpútà ka ìlà yẹn sí, ó sì lè pòórá nígbà tí jọ́nà bá ń kó iṣẹ́ yín sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ yí èdè ìwé náà sí Yorùbá nínú Word, kó má baà máa sọ "i" tó dá dúró di lẹ́tà ńlá bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn àti lórí fóònù kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà PDF tì í lẹ́yìn bí jọ́nà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí olótùú lè rí bí ó ti yẹ kó rí.

Ẹni tó bá ń to àpẹẹrẹ gírámà, ẹ wo ìlànà tí wọ́n ṣe ní Leipzig ní Jámánì, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ jọ́nà ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ń béèrè. Ìlà Yorùbá á wà lókè, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á dúró gan-an lábẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìtumọ̀ odindi gbólóhùn á wà nísàlẹ̀. Ẹ fi téébù tò wọ́n. Bí ẹ bá ń tẹ àlàfo léraléra, gbogbo rẹ̀ á yẹ̀ bí fọ́ǹtì bá yí. Fún iṣẹ́ tí a fi Yorùbá kọ, irú èyí tí jọ́nà Láàńgbàsà ní Yunifásítì Èkó ń gbé jáde, ẹ wo ìwé èdè-ìperí, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń dá tirẹ̀, a ò ní gbọ́ ara wa yé.

Nínú àyọlò, ẹ fi akọtọ́ àtijọ́ sílẹ̀ bó ti wà. Ẹni tó ń yọ ọ̀rọ̀ láti inú Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 kò ní ẹ̀tọ́ láti fi àmì tí kò sí níbẹ̀ sí i. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú àlàyé, kó sì tẹ̀síwájú. Orúkọ òǹkọ̀wé nínú ìwé ìtọ́kasí ló le jù, nítorí èèyàn kan náà lè ní àmì lórí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Yorùbá kó má ní nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Èrò tèmi ni pé kí ẹ mú ọ̀kan jálẹ̀. Fún orúkọ tiyín, ẹ gba nọ́ńbà ORCID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún olùwádìí. Ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ti wà láti 2012. Ì báà jẹ́ pé ẹ fi àmì sí orúkọ yín tàbí ẹ kò fi sí i, ì báà jẹ́ pé ẹ ti lọ sílé ọkọ, iṣẹ́ yín kò ní fọ́n ká.

Ọ̀pọ̀ jọ́nà kì í fẹ́ kí olùyẹ̀wò mọ ẹni tó kọ iṣẹ́. Yíyọ orúkọ kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́ kò tó. Ẹ yọ ìdúpẹ́, ẹ yọ "gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ nínú iṣẹ́ mi," kí ẹ sì jẹ́ kí Word yọ orúkọ tó fi pamọ́ sínú fáìlì fúnra rẹ̀.

Ti jọ́nà tó jẹ́ pé owó nìkan ló ń wá, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Mo mọ bí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń lé wa léré. Ẹ wo ìbéèrè tó wà lórí Think. Check. Submit., ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ranni lọ́wọ́ láti mọ jọ́nà tó ṣeé gbára lé, ẹ wò bóyá jọ́nà náà wà lórí DOAJ, àkójọ jọ́nà tí a lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí AJOL, àkójọ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, kí ẹ sì ka àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n tẹ̀ láìpẹ́. Bí ó bá kún fún àṣìṣe, ẹ ti rí ìdáhùn. Jọ́nà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí.

Bí wọ́n bá gbà á, iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ̀dà àyẹ̀wò ìkẹyìn yóò dé, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fún yín. Ẹni tó to ìwé náà lè má gbọ́ Yorùbá rí láyé rẹ̀. Ẹ gbé PDF tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ àkọlé àti orúkọ yín wò, lẹ́yìn náà àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ibi tí àmì bá ti sọnù, ẹ kọ ojú-ìwé, ìlà, ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tó yẹ kó wà. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé "àmì ohùn kò pé," nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.