Lẹ́tà kékeré ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà

Ẹ kú ìjókòó o. Àtẹ kan ni mo fẹ́ ká jọ kà lónìí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà inú rẹ̀ fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń dán koríko pápá bọ́ọ̀lù wò ṣe ń to tiwọn nìyẹn. Irú koríko Bámúdà mẹ́ta: kìíní gba 7.1, èkejì 6.8, ẹ̀kẹta 6.5. Láti 1 dé 9 ni máàkì, 9 ló dáa jù. Nínú NTEP, ètò tó ń dán koríko wò ní Amẹ́ríkà, tó bá ti tó 6, ó ṣeé gbà.

Èwo ló borí? Mo ti ń gbọ́ yín: "Kìíní ni!" Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì kó owó jáde.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ àtẹ, ibi tí ojú kì í sábà dé. LSD: 0.5. LSD ni àlàfo tó kéré jù tí a fi lè sọ pé irú méjì yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà!

Ẹ jẹ́ ká ya Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ní kí ìyá oní-gàárì kan wọn kóńgò mẹ́ta látinú àpò kan ṣoṣo, kí ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n. Wọn ò ní dọ́gba. Ó bu ọ̀kan kó ga lórí, oníbàárà mìíràn pè é bó ṣe ń wọn èkejì, ọwọ́ ti ń ro ó nígbà tó kan ẹ̀kẹta. Ìyá kan náà, gàárì kan náà! Tí ti ìyá kejì bá wá fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé sí i, ṣé ẹ lè búra pé ó lawọ́ jù? Ẹ ò lè búra. (Gàárì Ìjẹ̀bú tó kan gbingbin ni mò ń sọ o, ẹ má bá mi dárúkọ òmíràn.)

Bẹ́ẹ̀ ni koríko. Ẹ gbin irú kan náà síbi mẹ́rin lórí pápá kan: igi ṣíji bo ibi kan, omi dúró níbòmíràn. Máàkì yóò yàtọ̀. Látinú ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò LSD. TÍ ÀLÀFO KÒ BÁ TÓ LSD, Ẹ MÁ PÈ É NÍ ÌYÀTỌ̀!

7.1 yọ 6.8, 0.3 ni. Kò tó. 6.8 yọ 6.5, 0.3 náà ni. Kò tó. Ṣùgbọ́n 7.1 yọ 6.5? 0.6! Ó tó, ó lé.

Ibí yìí ló máa ń rú gbogbo yín lójú. Lẹ́tà kékeré tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a, ab, b. Ẹ ní "ab kò dára tó a." Rárá o! Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìyá rẹ̀ wá láti Ṣágámù, ilé méjèèjì ló ti jẹ́ ọmọ. Ìyẹn ò sọ Ìjẹ̀bú-Òde di Ṣágámù. Àwọn tí lẹ́tà wọn bá pàdé, a ò rí ìyàtọ̀ láàárín wọn. A àti b nìkan ni kò pàdé níbí.

Èmi náà ti fi owó gọbọi ra ti òkè àtẹ rí. Èkejì, tó dín owó, a ló ní bíi tiẹ̀. N ò tiẹ̀ wo lẹ́tà!

Ó yá, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn náà rèé, ṣùgbọ́n LSD ti di 0.8. Ẹ dá fídíò dúró, kí ẹ kọ lẹ́tà wọn sísàlẹ̀ fún mi.