Orúkọ tí ẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Ọlọ́hun fi ń pè ọ́

Àsàlámù àlékúmù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè kan ọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n tún ń pín fídíò àtijọ́ ẹnì kan tó ti túúbá, ìyẹn tó ti ronú pìwà dà, kiri orí fóònù. Ẹni náà ti pa ìwà tó hù nínú fídíò náà tì, ó ti ń bá jàmáà dúró ní sáfù, ìlà ìrun. Àwọn tó ń pín in ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé òun náà ló di ẹni Ọlọ́hun báyìí?" Ìyẹn burú, a ó padà sí i. Àmọ́ èyí tó dunni jù ni ọ̀rọ̀ àwọn kan tó rí i tí wọ́n sọ pé, "Ìdí tí irú èmi kì í fi í sún mọ́ mọ́sálásí nìyẹn. Tèmi ti kọjá àtúnṣe."

Irú èmi. Ta ló sọ ọ́ di irú bẹ́ẹ̀?

Yorùbá ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Òwe tó dáa ni fún ẹni tí kò tíì jalè, kí ẹ̀rù lè bà á. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti dá ẹrù olẹ́rù padà, tó ti túúbá, òwe yìí kò bá Kùránì mu rárá. Nínú Súrà Hujurat, áyà 11, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wa, Ó sì fi kún un pé: "Bi'sal-ismul-fusūqu ba'dal-īmān", orúkọ ìbàjẹ́ mà burú o, lẹ́yìn ìgbàgbọ́. Wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ aburú tẹ́lẹ̀, tó sì túúbá, ni Ọlọ́hun kọ̀ pé kí wọ́n máa fi ohun tó ti kọjá pè. Bí kò bá wá tọ́ kí ẹlòmíràn fi ẹ̀ṣẹ̀ àná pè ọ́, ta ló yọ̀ǹda fún ìwọ alára láti máa fi pe ara rẹ?

Ẹ gbọ́ ìtàn Abdullah. Bukhari, olùkójọ hádíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì), ló gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Umar ọmọ Khattab.

Ọkùnrin kan ni, ní Mẹ́dínà, nígbà ayé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Abdullah lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Himār ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Aláwàdà ni, ó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn tí onímọ̀ kan, Ibn Hajar, mẹ́nu bà nígbà tó ń ṣàlàyé hádíìsì yìí, wọ́n ní á gbé bọ́tà tàbí oyin nínú àpò awọ wá fún Ànábì, á ní ẹ̀bùn ni. Nígbà tí ọlọ́jà bá wá sin owó rẹ̀, Abdullah á fà á lọ́wọ́ lọ bá Ànábì kan náà: "Ẹ fún ọkùnrin yìí lówó ọjà rẹ̀." Ànábì kò ní ṣe ju kó rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ, á sì ní kí wọ́n san án. Ẹ ò rí i bí ara ṣe tù wọ́n sí ara wọn tó!

Abdullah yìí kan náà ló ń mutí. Wọ́n ti nà án nítorí ọtí rí. Wọ́n tún mú un dé lọ́jọ́ kan, Ànábì pàṣẹ kí wọ́n nà án, wọ́n sì nà án. Ni ọkùnrin kan níbẹ̀ bá bú jáde pé: "Ọlọ́hun, ṣẹ́bi lé e! Ìgbà mélòó ni wọ́n á mú un wá ná?" Ànábì ní: "Ẹ má ṣẹ́bi lé e. Mo fi Ọlọ́hun búra, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀."

Ẹ wo ìgbà tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé. Ara ọkùnrin náà ṣì ń ta á fún nínà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Ẹlẹ́bi ni, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ níyà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi hádíìsì yìí gba àyè láti mutí, ẹni tó bá fi gbà á kò ka ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan kí wọ́n sọ ẹni tí Abdullah jẹ́, Ànábì kò mú ọtí lọ́wọ́. Ó wọnú ọkàn lọ, ó mú ìfẹ́ Ọlọ́hun tó wà níbẹ̀ jáde, ó fi ìyẹn júwe rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Abu Hurayra náà gba irú rẹ̀ wá nípa ọ̀mùtí kan. Ó ní àwọn kan nínú wa fi ọwọ́ nà án, àwọn kan fi bàtà, àwọn kan fi aṣọ wọn. Bó ṣe ń lọ, ẹnì kan ní, "Kí Ọlọ́hun dójú tì ọ́!" Ànábì ní: "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ran Ṣàìtánì lọ́wọ́ lé e lórí."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ìrànlọ́wọ́ yìí. Iṣẹ́ méjì ni Ṣàìtánì ń ṣe lórí èèyàn. Àkọ́kọ́, á ní, "Ṣe é, kò sóhun tó burú níbẹ̀, Aláàánú ni Ọlọ́hun." Bí ẹni náà bá ti ṣe é tán, ohùn á yí: "Irú ìwọ yìí náà á tún lọ forí kanlẹ̀? Ojú kì í tì ọ́?" Ẹni tó fi àánú Ọlọ́hun tàn ọ́ wọlé ló tún wá fi ìbínú Ọlọ́hun dí ojú ọ̀nà àbájáde. Iṣẹ́ kejì yìí ló sì lérè fún un jù, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan lè parí pẹ̀lú àsítágàfúrù kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ lorúkọ òun, kò tún nílò ẹni tí yóò máa tì í mọ́. Á máa ṣe ohun tí orúkọ rẹ̀ bá mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín fídíò kiri, ẹ̀yin ni ẹ ń bá a ṣe iṣẹ́ kejì yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Imam Muslim, olùkójọ hádíìsì bíi Bukhari, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Jundub pé ọkùnrin kan sọ pé, "Mo fi Ọlọ́hun búra, Ọlọ́hun kò ní forí ji lágbájá." Ọlọ́hun ní: "Ta ni ẹni tó ń búra lé Mi lórí pé N kò ní forí ji lágbájá? Mo ti forí jì í, Mo sì ti ba iṣẹ́ tìrẹ jẹ́." Ìrun rẹ, ààwẹ̀ rẹ, sáárà rẹ, gbogbo rẹ̀ ní gbólóhùn kan péré! Kí ló wà nínú fídíò yẹn tó tó èyí? (Hádíìsì kan wà tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa fi dẹ́rù bani lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni tó bá fi ẹ̀ṣẹ̀ bú arákùnrin rẹ̀ kò ní kú títí yóò fi ṣe irú rẹ̀. Tirmidhi tó gbà á wá ló sọ fúnra rẹ̀ pé okùn ẹ̀gbàwá rẹ̀ já. Ẹ fi í sílẹ̀, ti Jundub tó wa lẹ́rù.)

Ó wá ku ìwọ tí o ń sọ pé "irú èmi". Gbọ́ bí Ọlọ́hun ṣe pè ọ́ nínú Súrà Zumar, áyà 53: "Sọ pé: Ẹ̀yin ẹrúsìn Mi tí ẹ ti ṣe àṣejù sí ẹ̀mí ara yín, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù nínú ìkẹ́ Ọlọ́hun. Dájúdájú Ọlọ́hun ń forí ji gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ pátá." Wo ètò ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwọn aláṣejù ni Ó ń bá sọ̀rọ̀, Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pè wọ́n ní "ẹrúsìn Mi" kí àṣejù tó dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ta ni ọ́, tí o fi ń pa orúkọ tí Ó fi pè ọ́ tì, tí o ń mú ti àṣejù rẹ? Ó ń jọ ìrẹ̀lẹ̀ lójú rẹ, àmọ́ ìgbéraga ló fara pamọ́ síbẹ̀: o ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tóbi ju ìkẹ́ Ọlọ́hun lọ.

Wahshi ló ju ọ̀kọ̀ pa Hamza, arákùnrin bàbá Ànábì, lójú ogun Uhud, ní ọdún 3 Hijra. Ó gba Ìsìláàmù lẹ́yìn náà. Ànábì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bi í bóyá ó lè máa gbé ojú rẹ̀ kúrò níwájú òun. Ọgbẹ́ Hamza kò jinná lójú ẹsẹ̀, a ò ní parọ́ fún ara wa pé túúbá ń pa gbogbo ìrora rẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún Wahshi pé kó lọ jókòó ti ọ̀kọ̀ rẹ̀ títí ayé. Lẹ́yìn ikú Ànábì, ọ̀kọ̀ yẹn kan náà ló jù lu Musaylima, òpùrọ́ tó pe ara rẹ̀ ní ànábì, lójú ogun Yamama.

Ó dáa, báwo la ṣe ń túúbá? Imam Nawawi ka májẹ̀mu 3 fún ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀: kó jáwọ́, kó kábàámọ̀, kó pinnu pé òun kò ní padà sí i mọ́. Bí ẹ̀tọ́ èèyàn bá wà níbẹ̀, ó di 4: kó dá ẹ̀tọ́ náà padà.

Níbi jíjáwọ́, ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé èèyàn á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ó ti dẹ́kun, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, "nítorí ìkíni lásán." Nínú hádíìsì ọkùnrin tó pa èèyàn 100, tó wá bi onímọ̀ kan bóyá túúbá ṣì wà fún òun, onímọ̀ náà kò kàn ní kó túúbá, ó ní kó kúrò ní ìlú yẹn, nítorí ìlú aburú ni. Bí o bá mọ agogo tó máa ń mú ọ, yí ohun tí o ń ṣe ní agogo náà padà.

Níbi àbámọ̀, ọ̀pọ̀ ń kábàámọ̀ pé àṣírí tú. Bi ara rẹ léèrè: ká ní kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé, ṣé yóò ṣì dùn ọ́? Níbẹ̀ ni túúbá ti bẹ̀rẹ̀.

Níbi ìpinnu, kì í ṣe "màá gbìyànjú". Pinnu. Bí o bá wá tún ṣubú lẹ́yìn ìpinnu òdodo, èyí tí o ti túúbá rẹ̀ kò jí dìde, tuntun ni o máa túúbá fún. Bukhari àti Muslim gba hádíìsì ẹrú kan wá tó dẹ́ṣẹ̀, tó ní, "Olúwa mi, forí jì mí," tó tún padà dẹ́ṣẹ̀, tó tún bẹ̀bẹ̀, títí ó fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni Ọlọ́hun ń sọ pé: "Ẹrú Mi mọ̀ pé òun ní Olúwa kan tó ń forí ji ẹ̀ṣẹ̀, tó sì ń fìyà jẹni lórí rẹ̀." Lẹ́ẹ̀kẹta náà, ẹrú Mi ló ṣì ń pè é.

Ti ẹ̀tọ́ èèyàn ló máa ń há síni lọ́rùn. Bó bá jẹ́ owó, ṣírò rẹ̀ kó pé, dá a padà. Kò di dandan kí o ṣàlàyé bó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ, o lè fi rán ẹlòmíràn tàbí kí o san án lọ́nà tí kò ní fi orúkọ rẹ hàn, bó bá ṣáà ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Bí olówó bá ti kú, àwọn ajogún rẹ̀ ló ni ín. Bí o bá wá a tì pátápátá, fi ṣe sáárà ní orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, tí sísọ ọ́ fún un sì máa dá ìjà tuntun sílẹ̀, àwọn onímọ̀ kan ní kí o tọrọ àforíjìn fún un, kí o sì sọ dáadáa rẹ̀ níwájú àwọn tí o ti bà á jẹ́ lójú wọn. Níwájú àwọn kan náà o, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ iyàrá rẹ.

Bí o bá ti ṣe ìwọ̀nyí, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Má fi ṣe ìtàn, má fi ṣe wáàsí. Ànábì ní gbogbo ìjọ òun ni yóò là àfi àwọn tó ń fọ́nnu ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹni tó ṣe nǹkan lóru, tí Ọlọ́hun bò ó láṣìírí, tí ilẹ̀ mọ́ tó ń sọ pé, "Lágbájá, báyìí báyìí ni mo ṣe lálẹ́ àná." Ibn Umar gbà á wá pé lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, Ọlọ́hun yóò mú onígbàgbọ́ súnmọ́ ọ̀dọ̀ Rẹ̀, yóò fi ààbò Rẹ̀ bò ó, yóò bi í pé: "Ṣé o mọ ẹ̀ṣẹ̀ báyìí? Ṣé o mọ ẹ̀ṣẹ̀ báyìí?" Á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi," títí á fi rò pé òun ti parun. Ọlọ́hun yóò wá sọ pé: "Mo bò wọ́n fún ọ láyé, Mo sì forí jì ọ́ lórí wọn lónìí." Ẹni tí Ọlọ́hun bá fi èyí bò, ta ló láyà láti pè é ní aṣọ olè?

Abu Bakr gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì pé kò sí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀, tó dìde ṣe àlùwàlá dáadáa, tó kí rákà 2, tó tọrọ àforíjìn, àfi kí Ọlọ́hun forí jì í. Ṣe é lónìí kí àsárì tó wọlé. Lẹ́yìn àsárì, ní wákàtí tó kẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀, jókòó sójú kan, ka olórí àsítágàfúrù tí Shaddad ọmọ Aws gbà wá, má sáré kà á. Wàá rí i pé kó tó kan aburú tí o ṣe, ó ti mú ọ sọ ẹni tí Olúwa rẹ jẹ́ àti ẹni tí o jẹ́. Kódà nígbà tó kan kí o jẹ́wọ́, oore Rẹ̀ lára rẹ ni o kọ́kọ́ máa jẹ́wọ́, kó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: "Allāhumma anta Rabbī, lā ilāha illā anta, khalaqtanī, wa anā 'abduka." Ọlọ́hun, Ìwọ ni Olúwa mi, kò sí ọlọ́hun kan àyàfi Ìwọ. Ìwọ lO dá mi, ẹrú Rẹ sì ni mí.